Owó Oṣù 95,000, Mọ́ńdè Dé Sátidé: Ṣé Kí N Gbà Á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ológunẹ̀rú ni mò ń gbé, ẹni ọdún 38 ni mí, ọmọ 2 ni Ọlọ́run fi jíǹkí wa, ọkọ mi ń ṣe tíṣà nílé ìwé girama ìjọba. Ọdún 9 ni mo fi ṣiṣẹ́ akáúńtì nílé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, 185,000 ló ń wọ ọwọ́ mi lóṣù kí wọ́n tó ní ọjà ò lọ mọ́ tí wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró, ó ti pé oṣù 3 báyìí. Wọ́n fún mi ní 1.2 mílíọ̀nù, ó ṣẹ́ ku 640,000. Owó tí èmi ń gbé sílẹ̀ nínú ilé máa ń tó 110,000 lóṣù. Alhaji kan tó ń ta táìlì àti páìpù ní Ìwó Road ti wá fún mi ní lẹ́tà: 95,000 lóṣù, aago 7:30 àárọ̀ sí 6:30 ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè dé Sátidé, mo máa ṣe akáúńtì, mo máa mójú tó sítóò, "àti iṣẹ́ mìíràn tí màníjà bá yàn". Wọ́n ní kí n kó ojúlówó sàtífíkéètì mi wá, kí n mú onídùúró 2 wá, ọjà tó bá dín nínú sítóò wọ́n á yọ ọ́ nínú owó mi, tí mo bá sì kúrò kó tó pé ọdún kan mo máa san owó oṣù 2 padà fún wọn. Owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 1,900 lójúmọ́, àwọn ọmọ á sì ní láti máa dúró sí lẹ́sìn lẹ́yìn ilé ìwé, 8,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù. Fráìdé yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ọkọ mi ní kí n gbà á, ìyá mi ní èèyàn kì í kọ oúnjẹ tí Ọlọ́run gbé síwájú ẹni. Àǹtí, mi ò lè sùn mọ́. Èmi ni Ìyá Ayọ̀.

Ìdáhùn: Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kíákíá torí Fráìdé ò jìnnà mọ́. Ẹ má fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn bó ṣe wà yẹn. Mi ò ní kí ẹ kọ iṣẹ́ náà o, mo ní kí ẹ padà lọ bá Alhaji kí ẹ dúnàádúrà, ohun tí ẹ sì máa torí ẹ̀ dúnàádúrà gan-an kì í ṣe owó, àkókò yín ni. Tó bá gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ò bá gbà, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ sílé yín, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gba èèyàn síṣẹ́ nílùú Ìbàdàn níbí, lẹ́tà tó jọ tiyín kì í ṣe tuntun lójú mi. Ẹni tó kọ ọ́ kì í sábàá jẹ́ ìkà èèyàn, oníṣòwò ni, ó rí i pé ẹni tó mọṣẹ́ wà nílé, ó sì fẹ́ fi owó èèyàn kan ra iṣẹ́ èèyàn méjì. Ìyẹn ò burú lójú tiẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ̀ ń tà kí ẹ tó gba owó ẹ̀.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Mọ́ńdè dé Sátidé jẹ́ bíi ọjọ́ 26 lóṣù. 1,900 lọ́nà 26 jẹ́ 49,400, ìyẹn ni pé kí ẹ tó ṣe nǹkankan rárá, ó lé díẹ̀ ní ìdajì owó oṣù yín tí àwọn onímáíkírà ti gbà láàárín Ológunẹ̀rú, Ẹlẹ́yẹlé, Mọ́kọ́lá àti Ìwó Road. Ó ku 45,600. Ẹ yọ lẹ́sìn àwọn ọmọ 16,000, ó ku 29,600. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀ ń gbé oúnjẹ láti ilé, ẹ̀ ń mu omi, ẹ̀ ń ra búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ tí iná ò sí tí ẹ ò ráyè se nǹkan, ẹ fi 500 sí i lójúmọ́, 13,000 nìyẹn. Ó ku 16,600. Owó oṣù yín nìyẹn, Ìyá Ayọ̀. 95,000 tí wọ́n kọ sínú ìwé, 16,600 ló máa dé ilé.

Ẹ wá wo wákàtí tó wà nínú ẹ̀. Wákàtí 11 lójúmọ́ níbi iṣẹ́, lọ́nà 26, 286. Ọ̀nà máa ń gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀yin náà mọ bí abẹ́ bíríìjì Ìwó Road ṣe máa ń rí láago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn ń lọ sílé tí ọkọ̀ tí ò bá tíì kún kì í sì í gbéra, 78 tún nìyẹn. Àròpọ̀ ẹ̀ 364. Ẹ pín 16,600 sí 364, bíi náírà 45 ni ẹ̀ ń gbà ní wákàtí kan. Owó píọ̀ wọ́tà kan ò pé nínú ẹ̀.

Ibi tó wá ká mi lára jù rè é. Owó tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ 640,000. Tí ẹ bá jókòó sílé tí ẹ ò rí kọ́bọ̀ tí ẹ sì ń gbé 110,000 sílẹ̀ lóṣù, ó máa gbé yín fún bíi oṣù 5 àti ọ̀sẹ̀ 3. Tí ẹ bá gba iṣẹ́ Alhaji bó ṣe wà, tí 16,600 ń wọlé, 93,400 ni ẹ ó máa yọ lóṣoṣù nínú 640,000 yẹn, ó máa gbé yín dé bíi oṣù 7, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pé. Oṣù kan péré ni iṣẹ́ yẹn fi kún ẹ̀mí owó yín. Wákàtí 364 lóṣù, àárẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n á ti sùn kí ẹ tó wọlé, nítorí oṣù kan! Ọkọ yín àti Màmá ò tíì rí ìṣirò yìí, 95,000 ni wọ́n ń wò, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ ṣe é lójú wọn lórí ìwé.

Ẹ tún bi Alhaji bóyá 95,000 yẹn ló máa wọ akáúńtì yín ní pípé àbí wọ́n ṣì máa yọ nǹkan kúrò. Ìbéèrè kékeré ni àmọ́ ó wúwo. Láti January 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, 800,000 àkọ́kọ́ tí èèyàn bá gbà lọ́dún kò ní owó orí, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló kan 2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e. 95,000 lọ́nà oṣù 12 jẹ́ 1,140,000, èyí tó lé sí 800,000 ni wọ́n á gbé owó orí lé. Tí ilé iṣẹ́ yẹn bá tún ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 8 nínú owó yín, kí Alhaji náà sì máa fi ìdá 10 tiẹ̀ kún un. Ìdá 8 yẹn tiyín ni, kò sọnù, àmọ́ kò ní sí lọ́wọ́ láti fi ra gààrí. Tí wọ́n bá yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú 16,600 yẹn, bíi 6,000 ló máa kù. Lẹ́tà tiyín ò sọ nǹkankan nípa owó ìfẹ̀yìntì, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ bèèrè.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi òfin mú un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà là kalẹ̀ láti July 2024 ni 70,000, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń san 80,000 fún òṣìṣẹ́ tiẹ̀ láti January 2025, 95,000 ju méjèèjì lọ. Ti wákàtí náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òfin ní wákàtí 8 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Labour Act, ìyẹn òfin ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ wa, ní wákàtí iṣẹ́ ni èyí tí ẹ̀yin àti ọ̀gá bá jọ fẹnu kò sí, ohun tó bá lé sí ìyẹn ló ń jẹ́ ófátáìmù. Ẹ rí ibi tí ọ̀fìn wà níbẹ̀: tí ẹ bá ti fọwọ́ sí 7:30 sí 6:30, wákàtí 11 ti di wákàtí yín, kò sí ófátáìmù tí ẹ fẹ́ bèèrè mọ́, ẹ ti tà á. Ohun tí òfin yẹn fún yín ni ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7, Sọ́ńdè ti wà níbẹ̀, àti ìsinmi tí kò gbọ́dọ̀ dín sí wákàtí kan lápapọ̀ lójúmọ́ tí iṣẹ́ bá tó wákàtí 6. Lẹ́tà yín ò dárúkọ ìsinmi ọ̀sán. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ gan-an. Owó kékeré ò pa ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá fún un láyè. Ẹni tó gba 95,000 tó ń ṣíwọ́ láago 5 tó sì ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ara ẹ̀, iṣẹ́ yẹn lè gbé e dé ibòmíì. Àmọ́ owó kékeré tó tún gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ yín, ó ti dí ọ̀nà tí ẹ fi máa jáde nínú ẹ̀. Mo máa ń rí i láti ẹ̀gbẹ́ tèmi. A máa pe obìnrin tó mọṣẹ́ dáadáa fún íńtáfíù, Túsìdeè aago 10, á ní mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè jẹ́ Sátidé, a kì í ṣe íńtáfíù Sátidé, á ní òun á gbìyànjú, ọjọ́ náà á dé, kò ní wá, a ó pè é, á máa sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́ nínú fóònù, ẹ ó máa gbọ́ ariwo ọlọ́jà lẹ́yìn ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sítóò wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀gá ò sí nílé, kò lè kúrò. Ẹni tó tẹ̀ lé e lórí líìsì la máa mú. Ìyẹn kì í ṣe àìmọṣẹ́, kò láyè ni. Àwọn tó ń sọ pé ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń ríṣẹ́, òótọ́ wà nínú ẹ̀, àmọ́ ó ní irú iṣẹ́ tó ń jẹ́ kéèyàn rí òmíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé oṣù 3 tàbí 5 nílé máa ba CV yín jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá bi yín tí ẹ ní ilé iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, mo máa tẹ̀ síwájú ni, gbogbo wa la mọ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ láti ìgbà tí owó epo ti gbéra lọ́dún 2023. Ẹ ṣá rí i pé lẹ́tà tí wọ́n fi dá yín dúró sọ pé nítorí dídín òṣìṣẹ́ kù ni, kó má kàn jẹ́ "a ò nílò yín mọ́". Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ Olúyọ̀lé lọ gba òmíràn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sítóò torí ibẹ̀ ni mo ti rí omijé jù. Ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ sítóò dání kọ́ ló yẹ kó máa kọ ìwé ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe akáúńtì fún ọdún 9 mọ èyí jù mí lọ. Ẹnì kan kọ, ẹlòmíì kó, kí ìwé àti ọjà lè máa ṣẹ̀rí fún ara wọn. Alhaji fi méjèèjì sí ọwọ́ yín, ó tún ní èyí tó bá dín ẹ̀yin lẹ ó san án. Ẹ wò ó, oníbàárà kan wá ra páálí táìlì 40 ní Sátidé, ẹ wà lórí ìwé nínú ọ́fíìsì, ẹ̀ ń kọ rìsíìtì fún ẹlòmíì tó ti ń pariwo, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀, 42 ni wọ́n gbé. Ta ló san 2 yẹn? Táìlì sì máa ń fọ́. Páálí tó ti fọ́ láti ilé iṣẹ́ wá, èyí tó já lọ́wọ́ alábàárù, gbogbo ẹ̀ á di ọjà tó dín lábẹ́ orúkọ yín. Oṣù tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, 16,600 yẹn náà ò ní sí. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní yíyọ owó tó di àgọ́ ọlọ́pàá, onídùúró ni wọ́n kọ́kọ́ lọ gbé, ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin náà ni onídùúró ọ̀hún.

Labour Act yẹn kan náà ò fún ọ̀gá láyè láti máa bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí tàbí yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀ bó ṣe wù ú. Tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣe àìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ ohunkóhun. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, wà nílùú wa níbí. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ gbé èrò kóòtù wọ iṣẹ́ tuntun, ẹni tó bá ti ń ronú bó ṣe máa pe ọ̀gá ẹ̀ lẹ́jọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún lẹ́tà ṣe nísinsìnyí tí bírò ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Sàtífíkéètì: ẹ má gbé ojúlówó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mú un lọ kí wọ́n fojú rí i, kí ẹ fi fọ́tòkọ́pì sílẹ̀, kí ẹ gbé tiyín padà lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kò sí àlàyé tí wọ́n fẹ́ ṣe tó máa tẹ́ mi lọ́rùn lórí ìyẹn, òun nìkan ni mo lè ní kí ẹ torí ẹ̀ dìde kúrò lórí àga. Tí ibòmíì bá pè yín lọ́la tí wọ́n ní ẹ mú sàtífíkéètì wá, ọwọ́ Alhaji ni ẹ ó lọ bẹ̀bẹ̀?

Owó oṣù 2 tí ẹ ó san tí ẹ bá kúrò kó tó pé ọdún náà, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó bá rán èèyàn lọ kọ́ṣẹ́ tó náwó lé e lórí lè ní kó dúró kí owó òun má ṣòfò, ìyẹn yé mi. Kí ni Alhaji fẹ́ kọ́ yín? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá to ìwé fún un. Ohun tí ẹ lè fi rọ́pò ẹ̀ ni pé ẹ ó fún wọn ní oṣù kan gbáko kí ẹ tó lọ, ẹ ó sì fa ìwé lé ẹni tó bá gbapò yín lọ́wọ́ dáadáa. Ọ̀gá tó bá jẹ́ pé ìdíwọ́ ló ń bà á lẹ́rù á gba ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí mo rò pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún yín. Ẹ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 9, owó ìfẹ̀yìntì yín wà lọ́dọ̀ PFA yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó náà. Ẹ ò tíì pé 50. Òfin 2014 yẹn ní ẹni tí kò tíì pé 50 tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí oṣù 4 sì kọjá tí kò tíì ríṣẹ́ mìíràn, lè gba owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun tó wà nínú akáúńtì ẹ̀. Oṣù 3 lẹ wà báyìí. Ká ní 1.6 mílíọ̀nù ló wà níbẹ̀, 400,000 ni ìdá 25 ẹ̀, ìyẹn ju owó tó máa dé ọwọ́ yín lọ́dọ̀ Alhaji fún ọdún kan gbáko lọ. Tí ẹ bá wọ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ti ríṣẹ́ nìyẹn, ẹnu ọ̀nà yẹn ti sé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ parọ́ fún PFA. Mi ò ní kí ẹ sáré lọ kó o o, owó ọjọ́ ogbó yín ni, èmi ì bá fi í síbẹ̀ tí ilé bá ṣì lè dúró. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó wà, torí ẹni tó rò pé òun ò ní ibi àsádi kankan máa ń fọwọ́ sí nǹkan tí kò yẹ kó fọwọ́ sí. Kí ẹ sì ní kí PFA fi àkọsílẹ̀ akáúńtì yín ránṣẹ́ lọ́la, kí ẹ sì fi wé ìwé owó oṣù yín àtijọ́. Ilé iṣẹ́ míì máa ń yọ owó náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí wọn ò ní san án síbẹ̀. Tó bá dín, iwájú ilé iṣẹ́ Olúyọ̀lé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbà.

Bí ẹ ó ṣe bá Alhaji sọ̀rọ̀ rè é. Ẹ má fi WhatsApp ṣe é, ẹ lọ bá a, ẹ lọ láàárọ̀ kí ọjà tó gbóná. Ẹ má sọ pé owó yẹn kéré, ó mọ̀. Ẹ ní: "Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo dúpẹ́ lẹ́tà tí ẹ fún mi, mo sì fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́. Iye tí ẹ pè, mo gbà á fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kí ẹ fi rí ọwọ́ mi. Àyè ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, sà. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣíwọ́ láago 5 nítorí àwọn ọmọ, kí ẹ sì fún mi ní ọjọ́ kan sí i láàárín ọ̀sẹ̀ yàtọ̀ sí Sọ́ńdè. Ìwé yín ò ní já létí, lọ́jọ́ Fráìdé kọ̀ọ̀kan ẹ ó ti mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ti sítóò, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa mú kọ́kọ́rọ́, èmi á máa ka ọjà pẹ̀lú ẹ̀ lóṣoṣù." Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má fi àlàyé mìíràn kún un, ẹ jẹ́ kó ronú.

Ó ṣeé ṣe kó ní Sátidé lọjà ń tà jù, kò sì parọ́, ọjọ́ Sátidé ni àwọn tó ń kọ́lé máa ń jáde. Ẹ má bá a jà lórí ìyẹn. Ẹ ní kó mú Sátidé, kó fún yín ní Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè dípò ẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn tiẹ̀ dáa jù fún yín, torí ọjọ́ tí báǹkì ṣí, tí ọ́fíìsì ṣí, tí wọ́n ń ṣe íńtáfíù lẹ ní lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tí aago 5 àti ọjọ́ kan yẹn ṣe sí ìṣirò wa. Ọjọ́ 22 dípò 26, ọkọ̀ di 41,800, oúnjẹ 11,000, lẹ́sìn 16,000, ó ku 26,200. Wákàtí ti di 275 pẹ̀lú ọ̀nà, bíi náírà 95 ní wákàtí kan, ìlọ́po méjì ohun tó wà níṣàájú, Alhaji ò sì fi kọ́bọ̀ kan kún un. Kò tíì dáa, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ tó kí ẹ bá ẹlòmíì to ìwé. Òfin owó orí tuntun yẹn ti mú kí onísọ́ọ̀bù, oníkẹ́místì, ilé ìwé aládàáni, àwọn tó ń sin adìẹ lọ́nà Akóbọ̀ àti Mọníyà, gbogbo wọn nílò kí ìwé wọn wà létòlétò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì lè gba odidi akáúńtáǹtì. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ń fún yín ní 30,000 lóṣù fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn. 640,000 yín á wá gbé yín dé bí ọdún kan. Ẹ rí i pé àyè yẹn gan-an lowó, òun ni mo ṣe ní kí ẹ bèèrè.

Tó bá gba àyè yẹn, tó gba fọ́tòkọ́pì, tó yọ owó oṣù 2, tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ sítóò fún ẹlòmíì, ẹ wọlé, ẹ ṣe é tọkàntọkàn, ẹ fún un ní oṣù 6. Tó bá ní ẹ̀yin náà lẹ máa mú kọ́kọ́rọ́ sítóò dandan, ẹ ní kí ẹ jọ ka gbogbo ọjà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó fọ́ lọ́tọ̀, èyí tó dáa lọ́tọ̀, kí ẹ̀yin àti òun jọ fọwọ́ sí i kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé táìlì tó fọ́ ò sí lọ́rùn yín. Láìsí ìyẹn ẹ má gbà á.

Ká ní owó oṣù kan péré ló kù sọ́wọ́ yín ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo ì bá ní kí ẹ gbà á lọ́la kí ẹ sì máa wá òmíràn lálaalẹ́. Ibẹ̀ kọ́ lẹ wà. Oṣù 5 ó lé wà lọ́wọ́ yín, ọkọ yín ń gba owó, oṣù kan ló kù kí ọ̀nà owó ìfẹ̀yìntì yẹn ṣí. Ẹ má ṣe bí ẹni tí omi ti dé ọrùn ẹ̀ nígbà tó jẹ́ orúnkún ló dé.

Ti Màmá, mi ò fẹ́ kí ẹ bá wọn jiyàn. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún yín. Ẹ fi ìwé ìṣirò han ọkọ yín kí ó bá yín sọ fún wọn, ó máa dùn létí wọn jù láti ẹnu àna wọn. Kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ọkọ yín bóyá ó lè máa dé ilé kí àwọn ọmọ tó dé lọ́jọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, torí tíṣà máa ń ṣíwọ́ ṣáájú aago 5, tí lẹ́sìn bá di ìdajì, 8,000 ti padà sápò.

Tó bá wá kọ̀ gbogbo ẹ̀, tó ní bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà wà, ẹ gbà tàbí kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ ní ẹ ṣé sà, Ọlọ́run á bá yín wá ẹni tó dáa. Ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ fún màníjà, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n padà pè yín kí oṣù tó tán, àwọn tó máa gba lẹ́tà yẹn bó ṣe wà kì í sábàá pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún wọ máíkírà padà sí Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ wo àwọn kẹ́místì àti ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà yín dé Ológunẹ̀rú, kí ẹ kọ orúkọ mẹ́wàá sílẹ̀ tí ẹ máa lọ bá láti Mọ́ńdè.